Afárá Inú Ẹnu: Ta Ni Yóò Ru Ẹrù Eyín Tó Ká?

Àwọn àgbà ní funfun niyì eyín. Wọ́n sì fẹ́ràn èjí púpọ̀. Bí Elédùmarè bá dá ọmọbìnrin pẹ̀lú èjí níwájú, ọjọ́ tó bá rẹ́rìn-ín lọ́jà, ẹni tí kò fẹ́ ra nǹkan gan-an á dúró. Ṣùgbọ́n àlàfo tí eyín tó ká fi sílẹ̀ kì í ṣe èjí, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ ká á máa fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹ̀rín bá ń pa á. Bó bá fẹ́ pe "fìlà", afẹ́fẹ́ á gba àlàfo náà sá jáde. Bó bá sì jẹ́ pé ti ẹ̀yìn ló ká, ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu ni yóò máa fi jẹ ẹran ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ká eyín, gbogbo ilé á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí a mọ̀ pé òmíràn ń bọ̀. Ti àgbà ni kò ní òmíràn lẹ́yìn.

Ó ti lé ní 2,500 ọdún tí ọmọ ènìyàn ti ń wá ohun tí yóò fi dí àlàfo yìí. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá ìtàn èyí tí àwọn dókítà eyín ń pè ní afárá. Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni pé nínú gbogbo ohun tí mo kà nípa rẹ̀, ìbéèrè kan ló ń yọjú ṣáá. Eyín tó ká ti lọ, ṣùgbọ́n ẹrù tó ń rù kò bá a lọ. Ta ni yóò wá rù ú? Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí. Eyín àgbéwọ̀ tí bàbá àgbà ń bọ́ sínú ife omi lálaalẹ́, ìyẹn kọ́ ni afárá. Afárá kì í ṣe ohun tí onítọ̀hún lè bọ́ fúnra rẹ̀. Bí èyí tó wà lórí odò ti rí ni òun náà rí: òpó kan níhìn-ín, òpó kan lọ́hùn-ún, pákó sì dábùú àárín wọn. Eyín méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo náà ni òpó. Dókítà eyín á fi ẹ̀rọ họ ara àwọn méjèèjì títí wọn yóò fi tín-ín-rín, á wá dé adé lé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni dé fìlà. Eyín àtọwọ́dá ti àárín ti lẹ̀ mọ́ adé méjèèjì, ohun kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Á fi símẹ́ǹtì eyín lẹ̀ ẹ́ pa, ó parí. Ọ̀kan wà lẹ́nu èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, lápá òsì nísàlẹ̀. Bí mo bá ń jẹ iṣu, mi ò kì í rántí pé ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n eyín méjì tí wọ́n họ nítorí rẹ̀, kò sí ohun tó ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀. Àlàáfíà ni wọ́n wà kí aládùúgbò wọn tó kú. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè wa ti bẹ̀rẹ̀?

Àwọn ará Fòníṣíà wà lára àwọn tí a kọ́kọ́ rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Etí òkun ni wọ́n ń gbé, níbi tí a ń pè ní Lẹ́bánónì lónìí. Sídónì tí à ń kà nínú Bíbélì jẹ́ ọ̀kan nínú ìlú wọn. Ní 1862, Dókítà Gaillardot, tó ń bá Ernest Renan, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, ṣiṣẹ́, wú sàréè àtijọ́ ní Sídónì. Ó rí egungun àgbọ̀n tí wọ́n ní ti obìnrin ni. Wáyà wúrà ni wọ́n fi so eyín iwájú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, méjì nínú wọn sì jọ èyí tí wọ́n mú láti ẹnu ẹlòmíràn. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Párísì ni wọ́n gbé e lọ. Ní 1901, wọ́n tún rí àgbọ̀n mìíràn ní agbègbè Sídónì yìí kan náà. Ní ti òun, eyín onítọ̀hún gan-an ló ń mì, ni wọ́n bá fi wáyà wúrà dì wọ́n mọ́ra wọn bí ẹni di ọgbà.

Ohun tí wọ́n ṣe nígbà náà yéni. Eyín tó le ni wọ́n so eyín tí kò le mọ́, kí alágbára lè gbé aláìlera. Ìyẹn ni afárá. Ṣùgbọ́n ti àgbọ̀n àkọ́kọ́ ni mi ò lè gbàgbé. Eyín méjì tí kì í ṣe ti obìnrin náà ń bẹ lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé e wọ sàréè. Ta ló ni ín? Òkú ni àbí alààyè? Ó tà á ni, àbí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Ẹni tó wọ eyín náà, wọ́n sin ín pẹ̀lú wúrà. Ẹni tó ni eyín, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ní Ítálì, àwọn ẹ̀yà Etruscan ti ń ṣe tiwọn láti bí 600 ọdún ó lé ṣáájú ìbí Jésù, nígbà tí Róòmù kò tíì di nǹkan bàbàrà. Àwọn kì í fi wáyà so ó. Ọ̀já wúrà pẹlẹbẹ ni wọ́n ń rọ, wọ́n á yí i ká eyín tó dúró ṣinṣin, wọ́n á sì fi ìṣó wúrà kékeré kan eyín àtọwọ́dá mọ́ inú rẹ̀. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n bá a lẹ́nu wọn, iwájú ẹnu ló sì ń wà. Èyí fi hàn pé kì í ṣe torí kí wọ́n lè rún eegun, torí kí ayé lè rí i ni. Kò yẹ kí èyí ya àwa lẹ́nu. Ta ni kò mọ àwọn Alhájà wa tó ti Mẹ́kà dé pẹ̀lú eyín wúrà, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti la ẹnu báyìí, ó ti kọ mànà?

Nígbà tó di nǹkan bí 450 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, àwọn ará Róòmù kọ òfin wọn sára pátákó méjìlá. Ọ̀kan nínú òfin náà ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe sin wúrà mọ́ òkú. Ó wá yọ ohun kan sílẹ̀: bí wọ́n bá fi wúrà so eyín olóògbé, kí wọ́n sin ín tàbí kí wọ́n sun ún pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Òfin kì í yọ ohun tí kò sí sílẹ̀. A jẹ́ pé àwọn tó ní wúrà lẹ́nu nígbà náà kò kéré, àti pé àwọn aṣòfin ti gbà pé ohun tí a bá so mọ́ eyín ènìyàn ti di ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fo ohun tó lé ní 2,000 ọdún, kí a wá sí Faransé. Ní 1728, Pierre Fauchard tẹ ìwé ńlá kan jáde, apá méjì ni, lórí iṣẹ́ oníṣègùn eyín. Ìwé yìí ni wọ́n fi ń pè é ní bàbá iṣẹ́ náà. Kí ó tó dé, olúwarẹ̀ tó ń yọ eyín ní ọjà lè jẹ́ onígbàjámọ̀ tàbí onídán, bí ó bá sì ti mọ nǹkan kan, á fi pamọ́ fún ọmọ rẹ̀. Fauchard kọ tirẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ayé lè kà á. Ó kọ bí a ṣe ń fi òwú tàbí wáyà wúrà so eyín àtọwọ́dá mọ́ ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àti bí a ṣe ń ri òpó kékeré bọ inú gbòǹgbò eyín tó ti kán kí eyín mìíràn lè jókòó lé e lórí. Ó tún ka ohun tí a lè fi gbẹ́ ẹ: eyín erinmi, eyín màlúù, egungun, àti eyín ènìyàn.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti di ẹ̀rù. Eyín erinmi máa ń pọ́n, ó sì máa ń rùn bó bá pẹ́ nínú itọ́. Kò sí ohun tó jọ eyín ènìyàn bí eyín ènìyàn. Ẹni tó lówó á fẹ́ èyí tó dára. Níbo ni wọn yóò ti rí i? Lẹ́nu ẹni tí kò lówó ni.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, John Hunter, oníṣẹ́ abẹ tó lókìkí, tẹ ìwé jáde lórí eyín ní 1771. Ó gbà gbọ́ pé bí a bá yọ eyín tútù lẹ́nu ẹnìkan tí a sì tì í bọ ihò ẹnu ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀, yóò hù. Ó ti gbin eyín ènìyàn sórí ogbe àkùkọ láti fi dán an wò. Ó tilẹ̀ ní ó dára kí olùtà eyín tó ju ẹyọ kan wà ní sẹpẹ́, kí ó lè jẹ́ pé bí ti ẹni àkọ́kọ́ kò bá bá ihò mu, a ó yọ ti ẹnìkejì. Ẹ tún un kà. Ẹni àkọ́kọ́ yóò ká eyín lásán! Kò pẹ́ tí ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ Thomas Rowlandson fi ya ọ̀rọ̀ náà: ọlọ́lá jókòó sórí àga, dókítà ń yọ eyín lẹ́nu ọmọ tó ń gbálẹ̀ ihò èéfín, àwọn ọmọ méjì mìíràn sì ń jáde lọ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́rẹ̀kẹ́. Eyín tí wọ́n tà bẹ́ẹ̀ kì í sì í pẹ́ lẹ́nu ẹni tó rà á. Á mì, á jábọ́, ó sì lè kó àrùn bá a.

Ní Amẹ́ríkà, eyín kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu George Washington lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un gẹ́gẹ́ bí ààrẹ àkọ́kọ́, ní 30 Épírì, 1789. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé igi ni wọ́n fi gbẹ́ eyín rẹ̀. Irọ́ ni. Eyín erinmi, òjé, wúrà àti eyín ènìyàn ni. John Greenwood, dókítà eyín rẹ̀, dá ihò sí ọ̀kan nínú eyín àgbéwọ̀ náà kí eyín kan ṣoṣo tó kù lè gba ibẹ̀ yọ, kí ó sì di gbogbo rẹ̀ mú. Òpó kan fún odindi afárá!

Ìwé ìnáwó oko Washington ní Mount Vernon fún 1784 ṣì wà. Lund Washington, ìbátan rẹ̀ tó ń bójú tó oko náà, kọ ọ́ síbẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún náà pé wọ́n san pọ́n-ùn 6 àti ṣílè 2 fún àwọn ènìyàn dúdú fún eyín 9, nítorí dókítà eyín ará Faransé kan. Ẹrú oko náà ni wọ́n. Dókítà yìí, Jean-Pierre Le Mayeur, a máa polówó nínú ìwé ìròyìn pé gínì 2 ni òun yóò san fún eyín iwájú kan, àmọ́ kí ẹrú má wá. Ẹ ṣírò rẹ̀: ohun tí wọ́n san fún ẹrú lórí eyín kan kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta iye yẹn. Bóyá ẹnu Washington ni eyín náà lọ ni o, bóyá ẹnu ẹlòmíràn ni, ìwé náà kò sọ. Kò sì kọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ni eyín. Àwọn kan lè wí pé ṣebí wọ́n sanwó. Èmi náà bi wọ́n: ènìyàn tí wọ́n rà bí ẹni ra ewúrẹ́, bí olówó rẹ̀ bá ní kó ya ẹnu, ǹjẹ́ ó lè ní òun kò yà á? Àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ta sí òkè òkun ru ìrèké, wọ́n ru òwú, wọ́n ru tábà. Wọ́n tún ru ẹrù eyín tó ká lẹ́nu ẹlòmíràn.

Òkú náà rù nínú ẹrù yìí. Nígbà tí wọ́n ja ogun Waterloo tán ní 18 Júùnù, 1815, ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́mọkùnrin ló sùn sórí pápá. Àwọn kan gbé ẹ̀mú, wọ́n yọ eyín wọn, wọ́n sì kó o lọ tà. Orúkọ ogun náà di orúkọ irú ọjà bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó ń fi eyín ológun rẹ́rìn-ín níbi àsè kò ní í bi dókítà rẹ̀ pé níbo lo ti rí i.

Ohun tó gba tálákà sílẹ̀ ni tánganran, irú èyí tí à ń fi ṣe àwo ìjẹun. Ní 1774, Alexis Duchâteau, apòògùn kan nítòsí Párísì, tí eyín erinmi ẹnu rẹ̀ ti gba òórùn gbogbo oògùn tó ń pò, bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí wọn yóò ṣe fi tánganran mọ eyín. Dubois de Chémant, dókítà eyín tó ràn án lọ́wọ́, ló sọ ọ́ di òwò. Ìṣòro rẹ̀ ni pé tánganran máa ń sún kì nínú iná, kí wọ́n tó gbé e jáde, ó ti kéré ju ẹnu lọ. Ní 1808, Giuseppangelo Fonzi, ará Ítálì tó ń ṣiṣẹ́ ní Párísì, mọ ọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ìkọ́ irin kékeré sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ìgbà yẹn ni eyín ti di ohun tí wọ́n lè mọ bí ìkòkò. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n yé wá ẹni tí wọn yóò yọ tirẹ̀.

Afárá bí a ti mọ̀ ọ́n, tí kò ní okùn tí kò sì ní wáyà, Amẹ́ríkà ni ó ti gbilẹ̀ láàárín 1880 sí 1890. Ní 1881, James Low gba ìwé àṣẹ ìjọba pé òun ló ni ọgbọ́n fífi adé wúrà lé eyín méjì kí ti àárín lè rọ̀ mọ́ wọn. Ilé iṣẹ́ kan, International Tooth Crown Company, kó irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì ń gbé àwọn dókítà eyín lọ sí kóòtù pé kí wọ́n san owó kí wọ́n tó fi ọwọ́ kan ẹnu ẹnikẹ́ni. Ìnira náà pọ̀ débi pé ní 1888 àwọn dókítà eyín dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti gbèjà ara wọn, J. N. Crouse ti Chicago ló ṣíwájú. Ní 1891, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ilé iṣẹ́ náà lẹ́bi nínú ẹjọ́ tó pe dókítà eyín kan tó ń jẹ́ Gaylord. Ẹ kíyè sí i o, àwọn Etruscan ti ń ṣe irú nǹkan yìí kí ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ní kóòtù!

Ohun tó tún dùn mọ́ mi nínú ìtàn yìí ṣẹlẹ̀ ní 1907. Ní oṣù kìíní ọdún náà, Dókítà William Taggart fi ọ̀nà tuntun han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York. Ó fi ìda mọ àwòrán ohun tí ó fẹ́ fi sí eyín. Ó fi ẹfun tó ń le bí òkúta bo ìda náà. Ó yan án títí ìda fi yọ́ dànù. Ó wá da wúrà yíyọ́ sí àyè tí ìda fi sílẹ̀, ohun tó jáde sì bá eyín mu rẹ́gí. Ẹ̀yin ọmọ Odùduwà, ǹjẹ́ ẹ kò mọ iṣẹ́ yìí? Ọ̀nà yìí kan náà, ìda, amọ̀, iná, ni àwọn baba wa ní Ilé-Ifẹ̀ fi rọ àwọn orí idẹ àti bàbà tí wọ́n wú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, iṣẹ́ tó ti lé ní 500 ọdún. Mi ò sọ pé Taggart kọ́ ọ lọ́wọ́ Ifẹ̀ o. Alágbẹ̀dẹ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ló mọ̀ ọ́n láyé àtijọ́. Ohun tí mò ń wí ni pé ọgbọ́n tó gbé afárá eyín dé ibi tó dé kì í ṣe àjèjì lójúde wa. Taggart náà fẹ́ gba owó lórí rẹ̀. Kóòtù kọ̀ fún un, nítorí dókítà eyín mìíràn, Philbrook ti Iowa, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní gbangba láti 1897.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni àríwísí ńlá dé. Ní 1910, oníṣègùn kan láti Lọ́ńdọ̀nù, William Hunter (òun kọ́ ni ti àkọ́kọ́), sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì McGill ní Kánádà. Ó ní adé àti afárá wúrà tí wọ́n ń fi yangàn wọ̀nyí, ibojì aláràbarà ni wọ́n, ìdíbàjẹ́ ló wà lábẹ́ wọn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà kan ń dé adé lé eyín tó ti jẹrà, idọ̀tí á há sábẹ́ rẹ̀, ẹran ìdí eyín á wú, ẹnu á máa rùn. Ṣùgbọ́n ohun tó tẹ̀lé e pọ̀ jù. Fún bí 20 ọdún sí i, àwọn oníṣègùn ń yọ eyín aláìsàn dànù nítorí orúnkún dídùn, nítorí inú rírun, nítorí ohun gbogbo. Ọ̀pọ̀ eyín tó lè gbé afárá ló bá a lọ. Èrè rẹ̀ ni pé láti ìgbà náà ni àwọn dókítà ti ń fi fọ́tò X-ray yẹ gbòǹgbò eyín wò kí wọ́n tó sọ ọ́ di òpó.

Láti ìgbà náà, ẹrù òpó ló ń fúyẹ́. Ní 1962, wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí bí a ṣe ń yan tánganran mọ́ irin, kí afárá lè le nínú kí ó sì funfun lójú. Ní 1973, Rochette ní Faransé kọ nípa afárá tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn eyín lásán. A kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ họ òpó rárá. Ní 1965, Per-Ingvar Brånemark ní Sweden ti ri gbòǹgbò irin títéníọ́ọ̀mù bọ egungun àgbọ̀n ọkùnrin kan, egungun sì gbá a mú. Ọkùnrin náà lò ó fún ohun tó lé ní 40 ọdún. Ọ̀nà yẹn ti tàn kálẹ̀ lónìí. Eyín bẹ́ẹ̀ ń ru ẹrù ara rẹ̀, kò yọ aládùúgbò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìdí nìyí tí afárá kò fi tíì kógbá wọlé.

Bí dókítà bá fi afárá sí ẹni lẹ́nu, iṣẹ́ kò tán. Eyín àtọwọ́dá kì í jẹrà, òpó ló ń jẹrà. Oúnjẹ á sá sí abẹ́ eyín àárín, níbi tí orín kò lè dé, ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀ láìsí ariwo. Dókítà á kọ́ ẹni bí a ṣe ń fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lálaalẹ́. Ó ń gba sùúrù, ṣùgbọ́n bí òpó kan bá wó, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló lọ. Bí ẹnìkan bá sì sọ fún yín pé òun yóò ṣe afárá fún yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́bàá títì, ẹ bi í pé ta ni yóò yẹ òpó wò.

Láyé obìnrin Sídónì, ẹlòmíràn ló ru ẹrù náà. Láyé Washington, ẹrú ló rù ú. Lónìí, àwọn tó ń rù ú lẹ́nu mi kò ju méjì lọ, tèmi sì ni àwọn méjèèjì. Bí mo bá ti jẹun alẹ́ tán, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà ni mo ń mú. Ẹni tó ń báni ru ẹrù, ó yẹ kí a máa bá a nu òógùn.